Kẹ̀kẹ́ tí mo rà, tí mi ò lè gbé wọlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá a o. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó fowó ara ẹ̀ ra kẹ̀kẹ́, tó wá lọ gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ fọganáísà bíi ẹni tó jí i gbé, ṣé orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé? Èmi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ṣẹ̀yìn epo bẹntiróòlù. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, mọ́tò mi ti di aṣọ ọdún, ó dọjọ́ tí nǹkan bá le kí n tó gbé e jáde. Ìgbà tí mo wá rí kẹ̀kẹ́ eléré ìje kan níbi tí wọ́n ti ń ta tókúnbọ̀, ọkàn mi fà sí i. Ara ẹ̀ kì í ṣe tuntun o, àmọ́ tuntun ni lọ́wọ́ tèmi.

Ìdí tí mi ò fi lè gbé e wọlé nìyí. Lọ́dún 2009, ọ̀kadà gbé àbúrò ìyàwó mi kó sábẹ́ tírélà ní Ìwó Road. Òun nìkan lọ́kùnrin tí ìyá wọn bí. Látọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti ní táyà méjì, màmá àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ sétí.

Raleigh tí bàbá mi ń gùn lọ sóko lèmi fi kọ́ kẹ̀kẹ́. Irin gidi ni, ẹni tó bá wà lórí ẹ̀ á nàró ṣánṣán bí ọba. Eléyìí yàtọ̀. Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e sókè, bóyá ló ju kílò mẹ́wàá lọ. Ọwọ́ ẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, àfi kéèyàn dojú bolẹ̀ kó tó lè dì í mú dáadáa. Jíà iwájú méjì, tẹ̀yìn mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 16. Ti ìjókòó ẹ̀, ẹ jẹ́ n má sọ ohun tójú mi rí níbẹ̀.

Táyà ẹ̀, tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò mi lọ, ló kọ́kọ́ dójú tì wá. Fọganáísà gbé ẹnu pọ́ǹpù dé e, kò wọ̀ ọ́. Ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀ tín-ín-rín ju ti mọ́tò lọ, ó tún ní ìdè kékeré kan lórí téèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú. "Ẹ̀gbọ́n, irú kẹ̀kẹ́ wo lẹ rà yìí?" Àfìgbà tí mo wá irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní adáptà rà ká tó rí i ṣe. Táyà mọ́tò mi kì í gbà ju bíi 32 lọ, eléyìí ń fẹ́ 90! Bí pọ́ǹpù ṣe ń ké, bẹ́ẹ̀ lọkùnrin náà ń sún sẹ́yìn, ó ní kò ní bẹ́ lójú òun.

Láàárọ̀ Sunday, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ na ẹsẹ̀. Láti Bódìjà, mo gba Sẹkitéríàtì, mo dorí kọ Mọ́kọ́lá. Háà! Mo tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ fò síwájú bí ẹni tí agbọ́n ta. Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lójú títì, ọwọ́ mi ló ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé òkè, jíà tó le ni mo yí sí dípò èyí tó fúyẹ́, ó kù díẹ̀ kí n ṣubú lójúkan. Ìgbà tí mo wá rí èyí tó fúyẹ́, ẹsẹ̀ mi ń yí wìrìwìrì bíi ti télọ̀ tó ń tẹ máṣíìnì. Bí mo ṣe gun òkè nìyẹn o, èmi tí àtẹ̀gùn ilé ń jẹ́ kí n mí hẹlẹ!

Mo gba abẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá tí Gómìnà Ajímọ̀bi ṣe lọ́dún 2013, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni Máíkírà kan ti ṣàdédé já wọlé síwájú mi, ó rí èrò. Kò tan iná, kò fun fèrè. Mo fún bíréèkì méjèèjì pọ̀, táyà ẹ̀yìn yọ̀ gbìrì, ìdí mọ́tò yẹn sì kù bí ìbú ọwọ́ kan sí imú mi. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Dírẹ́bà ló ń bi mí bẹ́ẹ̀! Mo jókòó sórí gọ́tà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àbúrò ìyàwó mi yẹn nìkan ló wà lọ́kàn mi. Akoto gan-an, mi ò dé. Àmọ́ kí n sòótọ́, ìgbà tí ọwọ́ mi dúró, ó tún ń wù mí láti gùn ún padà.

Mo gbé e padà sọ́dọ̀ fọganáísà, mo rìn wọlé bí ọmọ dáadáa. Ìyàwó mi ń wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ojú ẹ̀ bọ́ sí ojúgun mi. Eyín ṣéènì ti fi girísì dúdú tò síbẹ̀ gátagàta.

"Dádì, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ lọ nà yìí, ṣéènì ta lẹ bá pàdé lọ́nà?"

Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo, èyí tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ lọ gbé e wálé. Tẹ́ ẹ bá máa gùn ún, ẹ dé akoto, kí n sì máa mọ ìgbà tẹ́ ẹ jáde."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì wa ló wà báyìí. Ti Máíkírà yẹn ni mi ò tíì sọ fún un. Bó bá ka ìwé ìròyìn yìí, kí Ọlọ́run bá mi bẹ̀ ẹ́.