Ọ̀bẹ Jámánì, Ọ̀bẹ Ilé

Iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ọ̀bẹ tó ṣeé ká sápò ni mo sì fi ń bó wáyà. Tí mo bá dé ọjà, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ojúlówó Jámánì rèé!" Bí owó ṣe gbẹ́nu sókè nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ ohun tó gbé orúkọ Jámánì dé ara ọ̀bẹ? Àwọn alágbẹ̀dẹ Sheffield nílùú ọba ló figbe ta pé ọ̀bẹ yẹpẹrẹ láti Jámánì ń gbé orúkọ ìlú àwọn kiri. Òfin 1887 ló ní kí wọ́n kọ ibi tó ti wá sí i lára. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi dójú tì wọ́n ló wá di oyè! Okapi náà ńkọ́? Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní 1902. Láti 1988, ó ti kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa ń jí lọ síṣẹ́ nílé iṣẹ́ Ọ̀tà níbí, àwa náà la tún ń yínmú sí ọjà wọn pé "ti ilé yìí ni."

Èmi kì í bi ọ̀bẹ léèrè ìlú. Mo máa ń wò ó bóyá ojú rẹ̀ ń mì nínú èèkù, mo sì máa ń fi bó wáyà lójú ọlọ́jà. Bí kò bá gé bàbà inú rẹ̀, mo sanwó. Ẹni tó bá ní kí n má dán an wò, kó di Jámánì rẹ̀ mú.