Nígbà Tí Àìsàn Bá Fi Èèwọ̀ Bojú



Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ní àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní anorexia. Ìbẹ̀rù kó má sanra ló mú un débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́. Sydenham là ń gbé. Bọ́ọ̀sì 176 tó ń gba àdúgbò wa kọjá ló ń dé Denmark Hill, níbi tí ilé ìwòsàn Maudsley wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú kan ní àwọn ọdún 1980: òbí fúnra wọn ni yóò máa bu oúnjẹ, wọn yóò jókòó ti ọmọ títí yóò fi jẹ ẹ́, wọn yóò sì dá àṣẹ oúnjẹ padà fún un díẹ̀díẹ̀ bí ara rẹ̀ ṣe ń yá. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1987 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn tí àìsàn náà bá lọ́mọdé, tí kò sì tíì pé ọdún 3 lára wọn. Òun la fi ń tọ́jú tiwa náà.

Ìrẹsì a máa tutù níwájú wa. Ẹkún a máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó le jù fún èmi àwòrò ni pé àìsàn yìí gbọ́ èdè òrìṣà. Ọmọ Ọbàtálá ni ọmọ mi. A kì í fi epo pupa bọ Ọbàtálá, nítorí náà òun náà kò ní í fẹnu kàn án. Ó kan iyọ̀. Ó kan ọbẹ̀. Ó wá kan iyán fúnra rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bá mi bi òrìṣà bóyá kí n gbààwẹ̀."

Mi ò da obì sí i. Mo mọ̀ pé ọmọ mi kọ́ ló ń béèrè. Mo ní Ọbàtálá ń jẹ iyán, ó ń jẹ ìgbín, ó ń jẹ ẹ̀gúsí tí a fi òrí sè, òrí tó jẹ́ kìkì ọ̀rá! Èèwọ̀ òrìṣà ní ibi tó mọ. Ti àìsàn kì í tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka èèwọ̀ oúnjẹ fún ọ̀dọ́ kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ bó ṣe ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà ńkọ́? Lọ́jọ́ ọdún, àgbà kan wá láti Peckham, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ọmọ mi, o mà ti sanra o!" Àdúrà ni lẹ́nu ìyá àgbà. Ọmọ náà kò jẹ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní báyìí, mo máa ń pe àwọn èèyàn ṣáájú pé ìlù tó ń lù ni kí wọ́n yìn.

Lóṣù tó kọjá a bọ Orí rẹ̀. Mo fi àgbọn kan orí rẹ̀, mo sì fún un ní ìpín tirẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó jẹ ìdajì. Ìdajì kejì wà nínú àwo títí aago mẹ́sàn-án fi lù, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í.