Iwájú sinimá tí wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ ló ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí

Bí ẹ bá dé ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ní kí wọ́n mú yín dé Hollywood Boulevard, ilẹ̀ lẹ máa wò, ẹ ò ní í wòkè. Ìràwọ̀ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ bẹẹrẹ, orúkọ òṣèré sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ò wá gbogbo wọn lọ o. Carol Burnett ni mo ń wá, obìnrin apanilẹ́rìn-ín tí CBS ń fi eré rẹ̀ hàn láti 1967 di 1978. Iwájú ilé sinimá àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Warner nígbà náà ni mo ti rí i.

Kí ló gbé ìràwọ̀ rẹ̀ dé ibẹ̀? Ẹ gbọ́ ná. Ní 1951, inú sinimá yìí ni Carol ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń mú àwọn èrò dé orí àga wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe fíìmù Strangers on a Train, àwọn kan dé nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Carol ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró de ìgbà tí wọ́n máa tún un bẹ̀rẹ̀, kí adùn rẹ̀ má baà bà jẹ́. Mánéjà gbọ́, inú bí i, ló bá já àmì tó wà ní èjìká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Nígbà tó di 1975 tí wọ́n fẹ́ fún un ní ìràwọ̀, tí wọ́n bi í léèrè ibi tó fẹ́, ó ní iwájú sinimá yẹn gan-an ni!

Mo tún wọkọ̀ dé Television City, ní Beverly Boulevard, níbi tí wọ́n ti ń ya eré náà ní Studio 33. CBS ti ta ilé náà báyìí. Ìjà ni Carol fi gba àyè níbẹ̀. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí ní 1962 sọ pé láàárín ọdún márùn-ún, bó bá ti ní òun ń fẹ́ eré oníwákàtí kan tirẹ̀, dandan ni kí wọ́n fún un ní ọgbọ̀n. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àkókò náà pé, ó pè wọ́n. Àwọn ọ̀gá ní irú iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ ọkùnrin ni, kó gba òmíràn. Carol kọ̀ jálẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é, àmì-ẹ̀yẹ Emmy 25 ni eré náà sì gbà.

Ẹ̀yìn kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ya eré kan náà lọ́jọ́ Jímọ̀, èrò ìwòran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tim Conway á ṣe ti àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tó bá di ìkejì, ó di wàhálà! Nígbà tó ṣe dókítà eléyín tó ń fún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, Harvey Korman tó jókòó sórí àga kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Aṣọ kọ́tìnnì tí Carol wọ̀ ní 1976 ńkọ́? Bob Mackie, ẹni tó ń ṣe aṣọ wọn, ló ní kí ọ̀pá kọ́tìnnì wà léjìká rẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ náà ti wà ní Smithsonian báyìí. Etí tó sì máa ń fà níparí eré, ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ló fi ń kí.

Kò tán síbẹ̀ o. Kó tó lọ wá iṣẹ́ ní New York, ọkùnrin kan yá a ní ẹgbẹ̀rún dọ́là kan. Ó ní kó san án lọ́dún márùn-ún sí i, kó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó má sì dárúkọ òun láéláé. Ọjọ́ pé, Carol san án.

Mo tún padà síwájú sinimá náà nírọ̀lẹ́. Wọn kì í ṣe fíìmù fún èrò níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ wà níbẹ̀ gbagidi. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ máa ń lé ọmọ iṣẹ́ dànù, ẹ rọra o. Ẹ ò mọ ibi tó máa ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí lọ́jọ́ iwájú.