Ibi Tí Ìyá Ọkọ Mi Yóò Na Ẹsẹ̀ Sí

Ọmọ tuntun gan-an kì í gba àyè. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n sí lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sùn lóru, aṣọ rẹ̀ kò sì ju èyí tí báàgì kékeré kan lè gbà lọ. Àwọn tó ń tẹ̀lé e wọlé ni wọ́n ń gba àyè: ìyá ọkọ, omi gbígbóná, fúláàsìkì, bésìnnì, àti àwọn tó ń wá kí ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tó bá ń gbé yàrá kan ṣoṣo bíi tiwa, tó ní òun ń wá àyè fún ọmọ, àyè àwọn yìí ló ń wá.

Ní Ìdí-Òrò, Mushin, là ń gbé, nínú irú ilé tí gbogbo ayé mọ̀ sí face-me-I-face-you: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan. Yàrá wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ. A ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì sókè kí ìkòkò, àpò ìrẹsì àti Ghana-must-go lè wọ abẹ́ rẹ̀. Máṣíìnì ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, nítorí iná ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbára lé. Àárín bẹ́ẹ̀dì sí ẹnu ọ̀nà ni àkọ́bí wa ń tẹ́ fóòmù rẹ̀ sí lálẹ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́, a ká a nílẹ̀.

Nígbà tí oyún wọ oṣù keje, ọkọ mi mú téèpù mi, ó ń wọn yàrá kiri. Ó ti kà á lórí fóònù pé láti 1938 ni ìjọba Finland ti ń fún àwọn aboyún ní páálí tí ẹrù ọmọ kún inú rẹ̀, àti pé ọmọ lè sùn sínú páálí náà fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Páálí kan, igun kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ní kó pe ìyá rẹ̀ kó sọ fún wọn.

"Páálí?" ni Màámi wí. "Ṣé Indomie ni ìyàwó ẹ fẹ́ bí ni? Èmi ń bọ̀ o. Ibi tí mo máa na ẹsẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ wá."

Ẹni tí kò bá tíì rí bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ ọmọ lè rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe. Wọn kì í ṣàwàdà. Àpótí kékeré ni wọ́n ń jókòó lé, ẹsẹ̀ méjèèjì á nà gbọọrọ, bésìnnì omi lọ́tùn-ún, òmíràn lósì, ọṣẹ àti kànhìnkànhìn nítòsí. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí rẹ̀ kó lè rí rogodo, wọ́n á fa apá ọ̀tún kan ẹsẹ̀ òsì, apá òsì kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n á fi òrí pa á lára títí á fi máa dán. Wọ́n tún máa ń jù ú sókè. Nọ́ọ̀sì ti ní kí á má ṣe bẹ́ẹ̀. Màámi bi mí pé ta ló wẹ ọkọ mi. Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì ni mo wà.

Ẹsẹ̀ Màámi sì gùn. Bí wọ́n bá nà án, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà lóde á dúró sóde. Ẹni tó bá wà nínú ilé á gun bẹ́ẹ̀dì. Bí iná gáàsì bá ń jó ọbẹ̀ nílé ìdáná, ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún ni yóò bá wa pa á.

Kí ni yóò wá jáde? Fíríìjì kọ́kọ́ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti kú, aṣọ la ń kó sínú rẹ̀; a tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ó ku máṣíìnì. Òun ló san owó gbogbo ohun tó wà nínú lísìtì ilé ìwòsàn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé kí á tà á. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la gbé e sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn wa, níbi tó ti gba ìdajì ọ̀nà. Mo lọ bẹ Ìyá Ṣìkírá tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ó ní, "Ẹ fi síbẹ̀. Ṣé àwa náà ò ní bí mọ́ ni?" Lọ́jọ́ tí mo dé láti ilé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ ló wá gbé fóòmù àkọ́bí wa lọ sáàárín àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọkọ mi lọ ń sùn ní yàrá Bàbá Làtí tí a jọ ń gbélé. Màámi gorí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú èmi àti ọmọ.

Àwọn ẹbí kan ní kí á kó lọ sí yàrá àti pálọ̀. Òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọ̀pọ̀ onílé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àní owó ọdún kan yẹn náà, pẹ̀lú ti àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù, ibo la ti fẹ́ rí i?

Bí wọ́n bá sì ti sọ ọ̀rọ̀ kíkó lọ, mo máa ń rántí àwọn ará àárín Èkó. Àrùn tí eku ń kó ràn jà ní Èkó ní 1924. Ní 1928 ìjọba amúnisìn dá àjọ tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ní 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó, wọ́n ń kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Surulere. Peter Marris, tó ṣèwádìí láàárín wọn tó sì gbé ìwé jáde ní 1961, rí i pé jíjìnnà sí ẹbí dun ọ̀pọ̀ wọn gan-an. Obìnrin lè bímọ sí ilé tó tò létòlétò kó má rí ẹni bá a wẹ ọmọ. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ àti yàrá wa, mo mọ èyí tí mo máa mú, ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí láti má kọ́lé o.

Ibi ọmọ pàápàá ń fẹ́ àyè. Nílé baba ẹni, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n á sin ín sí. Nílé tiwa, sìmẹ́ńtì ló bo gbogbo àgbàlá. Ọkọ mi gbé e dé nínú ọ̀rá dúdú, ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá onílé, tí kì í dín kọ́bọ̀ nínú owó omi, ló nawọ́ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri. "Ẹ sin ín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbẹ́ ẹ kó jìn dáadáa, nítorí ajá."

Màámi ti padà sí Abẹ́òkúta báyìí, ọkọ mi àti àkọ́bí wa sì ti wọlé. Máṣíìnì kò lè wọlé, nítorí ọmọ ti ń rá, pẹ́dà máṣíìnì náà ló sì ń wá kiri. Ní oṣù tó kọjá, ìyá onílé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, kí n máa fi nǹkan lé owó ilé. Mo lọ bá onídìrí tó wà níwájú ilé wa. Ó ní kí n gbé máṣíìnì wá sábẹ́ agboòrùn òun, àti pé èmi ni màá máa ra epo jẹnẹrétọ̀. Mo ní ó dáa, bó bá máa bá mi gbé ọmọ nígbà tí mo bá ń wọn oníbàárà. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá ná, kí òun wò ó bóyá ó máa ń sunkún.