Ohun tí Ara ti Mọ̀ kí Ìwé Tó Dé

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó mọ irú ọmọ tí ń ka òfin Newton láì tàsé ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dìde, yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò sì kà á geere: pé ohun tí ó dúró yóò máa dúró, ohun tí ń rìn yóò sì máa rìn lọ tààrà, àfi bí agbára kan bá dé bá a. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi í léèrè ìdí tí èrò ọkọ̀ fi ń ta síwájú nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, kẹ́kẹ́ yóò pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ti gbé òfin náà mì bí ẹni gbé oògùn mì; kò jẹ ẹ́ lẹ́nu rárá.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ijó dánra wò fún ayẹyẹ òpin táàmù, olùkọ́ físíìsì rẹ̀ ń kọjá lọ, ó sì rí i tí ó ń pòòyì lórí ẹsẹ̀ kan. Apá rẹ̀ méjèèjì nà gbalaja nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti kó wọn mọ́ àyà, ó ń yí bí òkòtó. Nígbà tí ó fẹ́ dúró, ó tún na apá. Olùkọ́ bi í pé ta ni ó kọ́ ọ.

“Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi, Sà. Bí apá bá nà, ijó náà á wúwo.”

Olùkọ́ kò fèsì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó ti fi kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an sí ojú pátákó, tí kò sì yé ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ohun tí ń yí ni ó ní ojú kan tí ó fi ń yí, gẹ́gẹ́ bí òkòtó ti ní ẹnu ṣóńṣó. Bí ìwúwo bá ti jìnnà sí ojú náà tó ni yíyí rẹ̀ yóò ti nira tó. Bí ìjìnnà náà bá di ìlọ́po 2, ìnira náà yóò di ìlọ́po 4. Nítorí náà ẹni tí ń yí, tí ó sì kó apá mọ́ra, kò lè ṣe kí eré rẹ̀ má le sí i. Kenneth Laws, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Dickinson College ní Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ijó baléè, kọ odidi ìwé kan lórí irú nǹkan báyìí ní ọdún 1984. Ó ṣàlàyé ìdí tí oníjó tí ó fò fi ń dà bí ẹni tí ó léfòó ní òfurufú: bí ó bá ti ń dé òkè, yóò gbé apá àti ẹsẹ̀ sókè, àárín ìwúwo rẹ̀ yóò gòkè nínú ara rẹ̀, orí rẹ̀ yóò sì dúró bí ẹni pé kò fẹ́ wálẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó fò ní sẹ̀ǹtímítà 50 kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá 0.64 lọ lókè. Ìdajì àkókò náà ni ó sì lò nínú sẹ̀ǹtímítà 12.5 tí ó ga jù lọ. Ẹ̀tàn tí ó dùn ún wò ni.

Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ ní kí wọ́n kó àga sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ogún ọmọ tò, wọ́n fara kan ara. Ó ti ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, olúkúlùkù sì fì, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ìtì náà dé ìdí ìlà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí ó kúrò níbi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn gángan ń gba inú afẹ́fẹ́ dé etí, ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ onílù kò sì bá a dé ibẹ̀. Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ wá láti Enugu rántí àwọn oníjó Atilogwu tí ń gun èjìká ara wọn, báyìí ni ọ̀rọ̀ àárín ìwúwo ṣe wọlé. Wọ́n sì fò, wọ́n balẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí ó tẹ̀. (Ẹni tí ó fi orúnkún líle balẹ̀ kò nílò àlàyé kankan.)

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orí egúngún. Bí egúngún bá ń pòòyì, aṣọ ara rẹ̀ a fò sókè, a sì tẹ́ rẹrẹ yí i ká. Ọmọbìnrin kan dìde: “Sà, nǹkan kan ni ó ń fa aṣọ náà sí òde. Bí mo bá ń pòòyì, mo mọ̀ ọ́n lára, ó ń fa ọwọ́ mi.” Gbogbo kíláàsì hó pé òótọ́ ni. Ìwé sì sọ pé inú ni agbára náà ń fà sí.

Ó ká olùkọ́ lára. Òun ni ó ní kí wọ́n gbọ́ ti ara wọn; ara ti wá jẹ́rìí èké. Bí ó bá pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ohun tí ìwé wí, wọn yóò tún gbé oògùn mì. Ó kó wọn jáde sí pápá oníyanrìn, ó so àpò iyẹ̀pẹ̀ kékeré mọ́ okùn, ó ní kí àwọn tí ó kù jìnnà réré, kí ọmọbìnrin náà máa fì í yí ara rẹ̀ ká, kí ó sì jù ú sílẹ̀ nígbà tí okùn bá kọjú sí igi máńgòrò. Bí nǹkan kan bá ń fà á sí òde, ìdí igi náà ni yóò lọ. Àpò náà kò sún mọ́ igi. Ẹ̀gbẹ́ ni ó gbà lọ tààrà, àpá rẹ̀ sì hàn nínú iyanrìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó jù ú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí.

“Èmi ni mo ń fà á,” ni ó wí. “Òun kàn fẹ́ máa lọ tààrà.”

Ọmọ tí ó mọ òfin Newton sórí bú sẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ òfin rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ariwo ni ó gbé ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ jáde. “Olùkọ́, ṣé físíìsì ni mò ń gbọ́ yìí, àbí àríyá?” Olùkọ́ fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. “Ṣùgbọ́n ọjà WAEC,” ni ọ̀gá wí, “ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ ọ́.” Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ènìyàn lè jó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí ó má sì lè ṣírò ohun tí ó jó. Àwọn òbí pàápàá kò sanwó kí ọmọ wọn wá máa ju àpò iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n fẹnu kò nígbẹ̀yìn: ọjọ́ Ẹtì nìkan, lórí pápá, láì sí ìlù, ohun tí wọ́n bá sì jó, wọn yóò ṣírò rẹ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó lọ sílé.

Láti ìgbà náà àtẹ́wọ́ ni olùkọ́ ń pa fún wọn. Ó ti kà nípa àwọn olùkọ́ni kan ní Seattle Pacific University tí ń ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹyọ kan nínú agbára iṣẹ́, kí ó máa ṣí láti ara ohun kan sí òmíràn, tí iye ènìyàn kò sì gbọ́dọ̀ dín tàbí kí ó lé. Èyí ni ó ti pèsè sílẹ̀ fún Ẹtì tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń gbọn iyanrìn ẹsẹ̀ wọn, ọmọbìnrin alápò iyẹ̀pẹ̀ béèrè bí wọn yóò ti ṣe jó iná mànàmáná, agogo sì lù kí olùkọ́ tó rí èsì.