Ta Ló Ni Odò Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa?

Ọ̀rọ̀ odò ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe odò ńlá bí Ouémé tàbí Ọya ni mo ń sọ, àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn láàárín igbó ògùrọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Daagbé, nínú kọmúùnù Ìfọ̀nyìn, ni.

Àbúrò mi kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Lọ́dún tó kọjá, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wa. Ó dúró sínú odò, omi mù ún dé orúnkún, ó ju ìwọ̀, ó sì fa ẹja kan jáde tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́. Smallmouth bass ni wọ́n ń pè é. Ó wọ̀n ọ́n, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì dá a padà sómi. Ìyá wa pariwo pé, "Ṣé wọn kì í ta ata níbẹ̀ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo pè é, ó ṣàlàyé fún mi. Akọ ẹja yìí ló máa ń gbẹ́ ìtẹ́ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò, òun náà ló sì ń ṣọ́ ẹyin títí àwọn ọmọ á fi lè dá wẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá mú un kúrò nídìí ìtẹ́, àwọn ẹja mìíràn á jẹ ẹyin náà tán. Ní ọdún 2005, àwọn ọmọ ẹja yìí bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn, wọ́n ń kú, nínú odò Susquehanna tó la ìpínlẹ̀ náà kọjá. Nígbà tó yá, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé ẹni tó bá mú un ní ọ̀pọ̀ ibi nínú odò náà gbọ́dọ̀ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Epìyà kan wà nínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Akọ rẹ̀ ló ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọ́n á fi pa. Bàbá wa kò ka ìwé kankan lórí ẹja, àmọ́ bó bá ń hun ìgèrè, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. Tí a bá bi í léèrè, á ní, "Èyí tó bá gba ibẹ̀ jáde, ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kó lọ dàgbà."

Nígbà náà, odò wa ní òfin. Ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í pẹja. A kì í ki ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dúdú bọ ibi tí a ti ń pọn omi mímu. A kì í gé igi etí odò. Wọ́n sọ fún wa pé odò náà ní ẹni tó ni ín, pé inú lè bí i. Ẹ gbà á gbọ́ o, ẹ má gbà á gbọ́ o, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni pé nígbà tí odò ní ẹni tó ni ín, ẹja wà níbẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi bá fà, àwọn kan á da oògùn kòkòrò sódò lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àtẹja ńlá àtọmọ ẹja á ti da ikùn délẹ̀ lójú omi. Wọ́n á ṣa àwọn ńlá, wọ́n á yan án, ó di ọjà. Láyé àtijọ́, Gammalin 20 tí wọ́n ń fọ́n sí kòkó ni àwọn kan fi ń pẹja ní Nàìjíríà àti Gánà. Lindane ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àdéhùn Stockholm kà mọ́ àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì ní 2009. Orúkọ oògùn ti yí padà, ìwà kò yí padà. Ẹ tún fi ti àwọn tó ń ṣan kẹ́ẹ̀gì kpayo àti ike oògùn apako sínú omi kún un.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n da oògùn sí odò tiwa. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí kò fi lè lo omi náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan nínú ẹbí wa jẹ nínú ẹja tó ṣà, ó ń bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Di òní, mo lè ju ìwọ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí n má rí ju ọmọ àrọ̀ kan lọ.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin 2014-19 lórí ẹja pípa ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, kò sì fàyè gba májèlé. Àmọ́ ọlọ́pàá wo ni yóò sùn sí etí odò wa?

Ẹ wo àwọn ará àfonífojì Ouémé. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní whedo sí ilẹ̀ tí omi máa ń bò. Bí odò bá kún, ẹja á wọ inú rẹ̀. Bí omi bá fà, ẹja á há síbẹ̀, ẹni tó ni kòtò á sì kó o. Ẹ ò ní rí ẹni tí yóò da oògùn sí kòtò tirẹ̀, torí ó mọ̀ pé ara òun lòun ń ṣe. Odò tó jẹ́ ti gbogbo wa ni a ń ṣe bí ohun tí kò ní olówó.

Ìdí nìyí tí a fi jókòó ládùúgbò wa nígbà òjò tó kọjá: àwọn àgbà, àwọn ọ̀dọ́, àwọn onígàrí àti àwọn tó ń yan ẹja. A fẹnu kò sí nǹkan mẹ́ta. Ibú méjì wà lápá òkè tí ẹnikẹ́ni kò ní pẹja níbẹ̀ látìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ títí omi yóò fi fà. Oko ni kí olóko ti ṣan ike oògùn rẹ̀. Ẹja tí a kò bá mọ bí wọ́n ṣe pa á, àwọn obìnrin wa kò ní rà á. Ẹ̀kẹta yìí ló mú jù, torí ẹni tí kò rí ẹja tà kò ní í jí lóru lọ da oògùn.

Odò kò tíì kún fún ẹja o. Àmọ́ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, ẹnikẹ́ni kò da nǹkan kan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìdí-Ìrókò, ní Ìpókíá, ní Ìlaròó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Kọ́sítọ́ọ̀mù Ìgólò kò lè dá omi dúró. Èyí tó bá ṣàn sí apá Yewa àti èyí tó bá ṣàn sí apá Àjàṣẹ́, ọ̀sà kan náà tó gba Àgbádárìgì lọ sí Èkó ni wọ́n ń bọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa: odò tó wà lẹ́yìn ilé tiyín, ta ló ń ṣọ́ ọ?