Ìwé Ni Àbí Fídíò? Ohun Tí Ojú Mi Rí



Àwọn ọ̀dọ́ wa kan máa ń bi mí pé, bí ẹni tó ń kọ́ni ní Ifá bá wà lọ́nà jíjìn, èwo ló dáa jù láti fi máa kọ́ ọ: ṣé ìwé ni, àbí fídíò orí fóònù? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyangàn rárá.

Iṣẹ́ wẹ́dà ló gbé mi kúrò ní Ìsẹ́yìn lọ sí Ìkòròdú. Bàbá tó ń kọ́ mi wà nílé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń ráyè lọ. Kí n tó kúrò, wọ́n ti ka ojú odù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún fún mi, mo sì ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn sú mi. Ìlà ṣáá ni: ẹyọ kan, méjì, méjì, ẹyọ kan. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ṣí i, oorun ló ń kùn mí. Fídíò ò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn á rí ọwọ́ babaláwo, á gbọ́ ohùn ẹ̀, á rí ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. Mo ti ìwé tì, mo ń ra dátà.

Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, mo ti ń dá ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo sì ń pe orúkọ odù tó bá yọ láìdúró. Ìyá kan wà nínú ilé tí a jọ háyà, ìrẹsì ló ń tà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi bi Ifá. Wọ́n fẹ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ṣé kí n gbà á?" Ó yẹ kí n sọ fún un pé Bàbá ò tíì fún mi láṣẹ. Mi ò sọ ọ́. Inú mi ń dùn pé ó fi mí pe awo. Mo dá ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì rí bákan náà láti òkè wá: méjì, méjì, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Mo ní, "Ìrosùn Méjì." Mo kọ ìlà ẹ̀ sínú ìwé, mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀, mo ní kó fà sẹ́yìn ná lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ẹ̀yin àgbà tó ń kà á ti ń mi orí báyìí.

Nígbà tí mo délé, mo fi ìwé han Bàbá, mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọ́n wò ó títí. "Kí lo pe èyí?"

"Ìrosùn Méjì ni, Bàbá."

"Ọ̀wọ́nrín Méjì ni. Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

Mo bá yọ fóònù. Bàbá wo fídíò náà parí, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n dorí ẹ̀ kodò, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkùnrin yìí ò purọ́. Ibi tí ẹni tó wá dáfá ń jókòó sí ni ìwọ jókòó sí, lo wá rò pé ìwọ ni babaláwo." Ẹ̀rín wá tán lójú wọn. "Ta ló ní kóo máa dáfá fún èèyàn?" Mo dọ̀bálẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹni tó ya fídíò yẹn dojú kọ babaláwo. Lójú tèmi, òkè odù di ìsàlẹ̀, ọ̀tún di òsì. Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí ò ní yí padà, torí bí wọ́n ṣe rí látòkè ni wọ́n rí látìsàlẹ̀. Àwọn méjìlá yòókù ló ń di ẹlòmíì: Ìrosùn á di Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà á di Ọ̀kànràn, Ògúndá á di Ọ̀sá, Ìká á di Òtúúrúpọ̀n, Ìrẹtẹ̀ á di Òtúrá, Ọ̀ṣẹ́ á di Òfún. Kámẹ́rà iwájú fóònù náà máa ń gbé ọ̀tún sí òsì nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tún la kọ́kọ́ ń kà. Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè.

Mo padà lọ bá ìyá yẹn, mo jẹ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ọmọ mi. O ṣé tóo sọ fún mi." A ṣì jọ ń kíra, ṣùgbọ́n kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Ohun tó bá jẹ́ ti ọwọ́ àti ti ohùn, ẹ fi fídíò kọ́ ọ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi títí pé bí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ òsì, méjì là ń tẹ̀. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ẹyọ kan là ń tẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń gbá ikin mẹ́rìndínlógún, fídíò ló là mí lójú. Ìyẹ̀rẹ̀ náà, etí ló ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìlà odù àti ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ìwé ni kẹ́ ẹ gbá mú, kó sì jẹ́ èyí tó ní àmì ohùn. Ìwé bíi Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá kọ, tó jáde ní 1968, ń dúró deni: èèyàn lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní yí padà. Ìwé náà ló tú àṣírí mi. Ká ní mi ò kọ odù yẹn sílẹ̀ ni, Bàbá ò ní mọ̀, èmi náà á ṣì máa pe Ọ̀wọ́nrín ní Ìrosùn dòní.

Ní báyìí, tí mo bá wo fídíò, mo máa ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ láti ìhà tí babaláwo jókòó sí, mo sì ń gbé e lọ fún Bàbá. Ìwé ò lè bá mi wí, fídíò náà ò lè bá mi wí. Bàbá lè bá mi wí.